Ìwé Tí À Ń Retí Nígbà Àrọ̀kúrò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ òǹkàwé wa sọ ní Ọ̀yọ́ nìyí, lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ padà sílé-ìwé. Mo tún un kọ kí ẹni tí òjò dá dúró sílé lọ́jọ́ náà lè rí i kà.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrẹ̀. Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ bí ẹ bá ń padà lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, torí ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé tuntun tí a lè máa retí láti ìsinsìnyí títí ọdún yóò fi parí. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ti dé bá mi ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ló ń retí ìwé ní Ọ̀yọ́? À ń retí owó oṣù. À ń retí iná. À ń retí kí ọmọ tó wà lókè òkun pè wá. Ìgbà wo lẹ gbọ́ gbẹ̀yìn tí ẹnì kan ní, "Ọkàn mi ò balẹ̀, ìwé kan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀"? Èmi mọ irú ọkàn tí kò balẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, yàtọ̀ sí Bíbélì àti ìwé orin, ìwé kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa. Ìwé Fágúnwà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n fi òwú dúdú rán an. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń kà á fún wa lálẹ́ lẹ́bàá àtùpà, ìyá wa á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa bó ẹ̀gúsí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á pa ìwé dé, á ní ó di ọ̀la. A ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbọ́. Ìyá wa tí kò mọ̀wé kà ló sì máa ń bẹ̀ ẹ́ jù. Lọ́jọ́ kejì lóko, bí a bá ti ń tu koríko lọ, ẹ ó kàn gbọ́ tí ìyá wa ní, "Kí lẹ rò pé ojú ọdẹ yẹn máa rí lónìí?" Kíá la ó ti bẹ̀rẹ̀ iyàn. Èyí ní iwin máa pa á, tọ̀hún ní kò lè kú, ìtàn ò tíì tán. Ìyá wa á fi ọkọ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan, á dá sí i. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà wá, àmọ́ n ò tíì kúrò nínú ìdúró ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ ìyá mi, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín a àti b, ni mo ti kọ́ bí a ti ń retí ìwé.

Nílùú òyìnbó, ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò yìí. Ewé igi á pọ́n bí ata, á máa já bọ́ sílẹ̀. Ojúmọ́ á máa kúrú sí i lójoojúmọ́, títí ilẹ̀ á fi máa ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òtútù á lé gbogbo èèyàn wọlé, ẹni tó bá sì ti wọlé tí kò níbi tó ń lọ mọ́, ó lè na ọwọ́ sí ìwé. Àwọn tó ń ṣe òwò ìwé lọ́hùn-ún mọ èyí. Wọ́n tún mọ̀ pé Kérésìmesì ń bọ̀, àti pé àwọn èèyàn wọn a máa fi ìwé ta ara wọn lọ́rẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú èyí tí wọ́n fọkàn tán jù nínú ìwé ọdún pamọ́ di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, Ọ̀wàrà àti Bélú. Oṣù Ọ̀wàrà ni ọjà ìwé ńlá tó wà ní Frankfurt, ní Jámánì, máa ń wáyé. Oṣù Ọ̀wàrà kan náà ni wọ́n máa ń kéde ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Nílé wa níbí, oṣù Bélú la máa ń gbọ́ ìròyìn àjọ̀dún ìwé Aké, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2013 kó tó kó lọ sí Èkó ní 2018.

Àwa ò ní ìgbà ìwọ́wé. Àrọ̀kúrò la ní, òjò tó ń palẹ̀ mọ́. Iṣu tuntun ti kún ọjà Akẹ̀sán, aṣọ ilé-ìwé ṣì ń rùn bí aṣọ tuntun, ọ̀nà oko rọ̀. Láìpẹ́ ọyẹ́ á dé, ètè á máa bó, a ó máa tètè wọlé. Nítorí náà, ìwé àrọ̀kúrò ni n ó máa pe àwọn ìwé tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí.

N ó fi ti Nobel ṣáájú, torí òun ló máa kọ́kọ́ kàn wá. Ọjọ́bọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà ni ìlẹ̀kùn kan máa ń ṣí ní Stockholm, ẹnì kan á jáde síwájú àwọn oníròyìn, á sì dárúkọ. Aago méjìlá ọ̀sán ni ní tiwa. Ní 1986 tí orúkọ Wọlé Ṣóyínká jáde, yàrá àwọn olùkọ́ ni mo wà, rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. A pariwo débi pé ọ̀gá àgbà ilé-ìwé sáré wọlé, ó rò pé ìjà ni. Aláwọ̀ dúdú kankan ò gba ẹ̀bùn yẹn rí kó tó kàn án. Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sókè, ó bi mí pé, "Mà, èwo ni wọ́n fi Yorùbá kọ nínú ìwé wọn?" Mo dá a lóhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n pé àwọn ni wọ́n tú ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968. Ìdáhùn mi kò tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn, àmọ́ ó fún mi ní nǹkan tí mo ń rò títí dòní.

Ní 2021, ọmọ Zanzibar kan tó ń gbé nílùú òyìnbó, Abdulrazak Gurnah, ló gbà á. Kíswàhílì ni èdè ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ti jáde báyìí, ìwé rẹ̀ di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ ilé ìtàwé. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ tó, torí kò sẹ́ni tó retí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì, 2022: wọ́n tú ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ sí Kíswàhílì, wọ́n pè é ní *Peponi*. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá lè fi èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ka ohun tó ti kọ láti ọdún pípẹ́. Ẹ fojú inú wo bàbá àgbàlagbà kan ní Zanzibar tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, tó bá èdè ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé ẹ̀yìn òyìnbó la gbọ́dọ̀ máa tò nínú ọ̀rọ̀ ìwé, kó rántí ìparí ọdún 2020. Ìwé ìtàn àròsọ tí Ṣóyínká kọ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tó ti kọ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn jáde. Ìbàdàn ló ti kọ́kọ́ jáde, láti ọwọ́ Bookcraft. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2021 ló tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará London àti New York. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Òwódé lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, kò pé wákàtí méjì tó fi máa ní in lọ́wọ́. Àwọn tó lókìkí jù láyé ń dúró, àwa ti ń kà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìwé tí mo mọ̀ pé wọ́n fi sùúrù retí jù nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ yìí ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni.

Sierra Leone ni wọ́n ti bí i, ní 1846, ọmọdé ni nígbà tí òbí rẹ̀ mú un wá sílẹ̀ yìí. Nígbà ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì kí ìjà lè parí. Nígbà tó wá di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ arọ́kin níbí, ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Ó ní láti jókòó. Ó ní láti wá lónìí, kó tún padà wá lọ́la. Ní 1897 ó parí iṣẹ́ náà. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó kédùn pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tiwọn. Ẹ̀gàn yìí ló fẹ́ mú kúrò lára wa.

Ní 1899 wọ́n fi ìwé tó fọwọ́ kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílùú òyìnbó. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, wà nílùú òyìnbó, ó sì yà lọ bèèrè. Wọ́n sọ fún un pé ìwé náà ti sọnù, pé àwọn wá a títí àwọn ò rí i, pé àwọn ṣetán láti san owó rẹ̀.

Owó! Èló ni wọ́n fẹ́ san? Àwọn àgbà tó sọ ìtàn náà fún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti sùn nígbà yẹn. Èló ni wọ́n ń ta ohùn wọn? Ìgbàkigbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, àyà mi a máa já, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ọdún kejì, 1901, Àlùfáà Johnson jáde láyé. Kò rí ìwé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Dókítà ni Obadiah, iṣẹ́ òògùn ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ní aláìsàn tó ń tọ́jú. Àmọ́ ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, bébà èyí, bébà tọ̀hún, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kọ kí wọ́n tó dà á kọ, ó sì jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó gbà á lọ́dún púpọ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1916, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Appam láti Èkó. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lórí òkun, wọ́n sì tukọ̀ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìtàn Ọ̀rànmíyàn, ìtàn Ṣàngó, ìtàn bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe tú, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ogun kó lẹ́rú. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tó ń dúró dè é. Nígbà tó sì dé, bébà ti gbówó lórí nítorí ogun, wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Dókítà Obadiah náà jáde láyé ní 1920.

Ìwé jáde ní 1921. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ parí rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sẹ́ni tó gbé e lé ọwọ́ nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ ti bá apá kan ìwé náà jiyàn, àwọn ará ìlú mìíràn sì ní ó gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́ jù. Iyàn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kà á kò lè dá sí iyàn náà, mo sì mọ̀ pé àwa tí wọ́n ti ìlú wa kọ ọ́, púpọ̀ nínú wa ò tíì ṣí i rí. Fún irú wa bẹ́ẹ̀, ìwé tuntun ni. Ẹ má jẹ́ kí ọdún 1921 tó wà níwájú rẹ̀ tàn yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán lọ́kàn mi torí mo ti rí irú rẹ̀, ó sì kéré ju ti Johnson lọ. Nígbà tí mo ń kọ́ni, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó kọ ìtàn kan sínú ìwé ìkọ̀wé ilé-ìwé mẹ́rin. Yorùbá tó jinlẹ̀ ni, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ta aró. Èmi ni mo gbà á níyànjú. Èmi ni mo bá a gbé e lọ fún ẹni tó ní òun á tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà kejì kò sí. Oṣù di ọdún. Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ní àwọn ti kó ẹrù kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, pé àwọn ò mọ ibi tó wọlé sí. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, "Kò burú, Mà." Kò sì kọ nǹkan kan mọ́. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi nígbà púpọ̀ bóyá ìwé náà ì bá sọnù ká ní ènìyàn ogún ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń wí pé, "Ìwé ọmọ yẹn ńkọ́?" Èmi nìkan ni mo ń dúró dè é, èmi náà ò lọ déédéé.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é l'Ékòó ní 1929. I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ obìnrin náà, ó ń jẹ́wọ́ bó ti lo ayé rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ìlú ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kàn. Ní 1930 ó di ìwé odindi. Àwọn tó ń dúró ló jẹ́ kó ṣeé tẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ títẹ ìwé ti rí, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìwé Yorùbá tuntun fi wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ńlá tẹ ìwé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àwo fún ojú ìwé rẹ̀. Owó àwo náà kò yí padà: bí ẹ tẹ ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún, bí ẹ tẹ ẹgbẹ̀rún kan, iye kan náà ni. Bí ẹ̀dà bá pọ̀, owó àwo á tú ká sórí gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á dẹ̀. Bí kò bá pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ́n gógó, ẹni tó fẹ́ rà á á gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù èyí ló ń ba àwọn atẹ̀wé. Ìwé Yorùbá tí ọkàn wọn balẹ̀ sí jù ni èyí tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò WAEC tàbí NECO, torí wọ́n mọ̀ pé dandan ni kí ọmọ rà á. Mo ti lo ìwé ìdánwò wọ̀nyẹn fún ọdún pípẹ́, àwọn tó dára wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ́ pé ìdánwò nìkan ló mú un ka Yorùbá, ọjọ́ tó bá kọ ìdánwò tán ni òun àti Yorùbá máa pínyà.

Àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Ẹ máa rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí àpótí kékeré kún inú rẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà pẹ̀lú àmì lórí, torí lẹ́tà tí wọ́n lò kò mọ Yorùbá. Òǹkọ̀wé á fi oṣù mẹ́ta to àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì fi ìṣẹ́jú kan bà á jẹ́. Ọkọ́ tí à ń ro, ọkọ tó ń fẹ́yàwó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀: bí àmì bá ti lọ, òǹkàwé á máa tọ́ ọ̀nà bí afọ́jú. Bí ẹ bá rí ìwé tuntun tí wọ́n fi àmì sí dáadáa, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan jìyà lórí rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i. Ìwé Yorùbá tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe Àtẹ́lẹwọ́ ń gbé ewì àti ìtàn Yorùbá jáde níbẹ̀, wọ́n tún ń fi ẹ̀bùn dá àwọn tó bá fi Yorùbá kọ̀wé lọ́lá. Ibẹ̀ ni mo ń wò jù fún ìwé àrọ̀kúrò tó jẹ́ ti Yorùbá, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù sì sún mọ́ ọn jù mí lọ.

Àmọ́ kí a tó máa wo ọ̀nà jíjìn, àwọn ará ilé wa méjì wà tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ kà. Ọdún kan náà, 1969, ni ìwé àwọn méjèèjì jáde, ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Adébáyọ̀ Fálétí gbé *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin* kalẹ̀, ìtàn àwọn tó ní àwọn ò sin ẹlòmíràn mọ́. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé *Àjà Ló Lẹrù* kalẹ̀, níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Mo máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń sáré, kó ka Òkédìjí. Ìjíròrò inú ìwé rẹ̀ ò ní ọ̀rá rárá. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń fi òwe lu ara wọn bí ẹni ta ayò, kò sì sí òwe kan tó wà níbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ lásán. Òkédìjí jáde láyé ní 2019, Fálétí ní 2017. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì kí wọn kú iṣẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ìyá kan dìde láti àárín. Aṣọ ló ń tà ní Akẹ̀sán. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n owó ìwé kan ti tó owó ọbẹ̀, àti pé ọmọ mẹ́rin lòun ní. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun ló sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò. Mo rán an létí pé ìwé kan péré ló wà ní agboolé wa, pé ènìyàn mọ́kànlá ló sì kà á, ìyá mi tí kò mọ̀wé náà sì wà lára wọn. Mo ní kí á máa dá owó ìwé bí a ti ń dá èésú: ìdílé mẹ́wàá, ìwé kan lóṣù, kí ó máa yí láti ilé dé ilé. Tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń kọ ìwé Yorùbá, kí àwọn mẹ́wàá yìí san owó tiwọn sílẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kó lè fi ìwé owó náà hàn án, kó ní, "Ẹ wo àwọn tó ń dúró." Ìyá náà bi mí pé ta ni yóò máa gba owó náà. Mo ní òun ni, torí oníṣòwò ni, ó mọ ìṣirò. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Kí a tó tú ká, ó ti kọ orúkọ ìdílé méje sílẹ̀.

Ètò wa nìyí, kí ẹni tí kò wá lè mọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kéde Nobel, gbọ̀ngàn yìí kan náà la ó ti pàdé, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ọ̀gá ilé-ìwé ti gbà kí àwọn ọmọ wá. A ó fi fóònù kan gbọ́ orúkọ náà pa pọ̀, n ó sì bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan kó wá ojú ìwé kan rí nínú iṣẹ́ ẹni náà, kó tú u sí Yorùbá fún wa kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìkéde náà, a ó bẹ̀rẹ̀ *Àjà Ló Lẹrù*. Ẹ̀dà mẹ́ta la ní, ọ̀kan nínú wọn kò ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ẹ má fi ìyẹn sọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìdúró. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kà sókè. Ojú ìwé mẹ́rin ni n ó kà, n ó sì pa á dé.